Àkàbà Kan Ṣoṣo: Ìtàn Àwọn Òṣìṣẹ́ Ojú Irin

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí dá lórí àṣẹ níbi iṣẹ́. Ta ló ń pàṣẹ? Báwo ló ṣe ń pa á? Kí ló ń mú kí ẹni tí a pàṣẹ fún jẹ́ iṣẹ́ náà tinútinú? Kí ló sì ń mú kó kọ̀? Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará ìlú ńlá nìkan ni èyí. Télọ̀ tó ní ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo, ọ̀gá ni. Ìyá tó pe obìnrin mẹ́ta wá bá a ṣe epo, ọ̀gá ni òun náà. Alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ọ̀gá ni.

Ìtàn kan ni a ó fi dáhùn. Ó ṣẹlẹ̀ ní 1947 àti 1948, lójú irin tó gba ilẹ̀ wa kọjá. Ṣùgbọ́n ká tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí iṣẹ́ ṣe rí kí irin tó dé.

Iṣẹ́ àwọn baba wa

Ẹ mọ àáró. Ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún á kóra jọ. Lónìí wọ́n á kọ ebè lóko ẹnì kan, lọ́la wọ́n á lọ sí oko ẹnì kejì, títí yóò fi kárí gbogbo wọn. Ẹ mọ ọ̀wẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé á bẹ ọ̀wẹ̀. Àwọn ẹbí, àna àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ á wá. Kò ní san owó fún wọn, ṣùgbọ́n á fún wọn ní oúnjẹ àti ẹmu.

Àṣẹ wà nínú àáró àti ọ̀wẹ̀. Ẹnì kan ló ń sọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí a ó sinmi. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá ṣiṣẹ́ mọ ìdí tí òun fi wá. Ó mọ̀ pé ọjọ́ tòun náà ń bọ̀. Bí ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ bá ń bú àwọn tó wá ràn án lọ́wọ́, tó bá ń fi oúnjẹ dù wọ́n, nígbà tó bá tún bẹ ọ̀wẹ̀, òun nìkan ni yóò pọn omi, òun nìkan ni yóò po amọ̀.

A kò sọ pé ohun gbogbo ló dára nígbà náà. Ẹrú wà nílẹ̀ wa. Ìwọ̀fà wà pẹ̀lú. Ẹni tó yá owó á máa fi iṣẹ́ ara rẹ̀, tàbí iṣẹ́ ọmọ rẹ̀, dípò èlé, títí yóò fi san owó náà tán. Àwọn àgbà mọ̀ pé èyí wúwo. Òun ni wọ́n fi ń pa á lówe pé, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí ń sọ fún wa pé ẹni tí a rán níṣẹ́, ènìyàn ni. Ó ní làákàyè tirẹ̀. Ó ní iyì tirẹ̀.

Iṣẹ́ àfipáṣe

Ní 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé pín ilẹ̀ wa láàárín ara wọn. Kétu àti Sábẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tí í ṣe ọmọ ìyá Kétu, bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn Faransé fẹ́ ọ̀nà, wọ́n fẹ́ afárá, wọ́n fẹ́ ojú irin. Wọn kò fẹ́ san owó púpọ̀ fún iṣẹ́ wọ̀nyí. Nítorí náà, wọ́n ń fi agbára mú ènìyàn. Kòmándà tó ń ṣàkóso agbègbè á sọ iye ọkùnrin tó ń fẹ́. Ó di dandan kí olórí ìlú kó wọn wá. Bí kò bá kó wọn wá, wọ́n á fìyà jẹ òun fúnra rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe sọ olórí tó yẹ kó dáàbò bo àwọn ènìyàn rẹ̀ di ẹni tó ń mú wọn.

Òfin kan sì wà tí à ń pè ní indigénat. Òfin yìí fún kòmándà lágbára láti ti ènìyàn mọ́lé tàbí láti gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ láìgbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Kòmándà ló ń fẹ̀sùn kan ènìyàn, òun náà ló ń dá ẹjọ́. Ọ̀dọ̀ ta ni ẹni náà yóò ti lọ fẹjọ́ sùn?

Kí ni àwọn baba wa ṣe? Àwọn Ọ̀họ̀rí dìde sí ìjọba Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914. Ọ̀pọ̀ ará Kétu, ará Sábẹ̀ àti ará Ọ̀họ̀rí kò jagun ní tiwọn. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi fèsì. Wọ́n kó aya, wọ́n kó ọmọ, wọ́n sọdá sí apá àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ àwọn ìbátan wọn. Kì í ṣe pé ibẹ̀ rọ̀ wọ́n lọ́rùn pátápátá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà gba owó orí. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn wò ó pé ìyà ibẹ̀ kéré sí ti ibi tí àwọn wà. Bí ẹ bá ní ìbátan ní Ìmẹ̀kọ tàbí ní Ìlárá, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ibẹ̀. Wọ́n lè sọ ìtàn bí ẹnì kan nínú ìdílé yín ṣe sọdá.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ìyípadà dé. Ní 1946, wọ́n fa òfin indigénat yẹn ya. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1946, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Paris ṣe òfin tó fi òpin sí iṣẹ́ àfipáṣe. Félix Houphouët-Boigny, aṣojú Côte d'Ivoire, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òfin náà. Sourou-Migan Apithy, ọmọ Àjàṣẹ́, wà lára àwọn aṣojú ilẹ̀ Áfíríkà tó wà nínú ilé náà nígbà yẹn.

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò ní ẹ̀tọ́ mọ́ láti fi okùn fa ènìyàn lọ sí ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n òfin lè yí padà ní ọjọ́ kan. Ìwà ọ̀gá kì í yí padà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa pàṣẹ fún ènìyàn bí ẹní ń pàṣẹ fún ẹran, kò ní fi í sílẹ̀ nítorí ìwé kan tó ti Paris wá. Èyí ni àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin rí.

Àkàbà méjì

Láti 1900 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Kútọnu. Irin náà gba Ìdáàṣà, ó gba Sábẹ̀, ó sì dé Pàrákú láàárín ọdún 1930 sí 1939. Láti Kútọnu dé Pàrákú jẹ́ kìlómítà 438. Irin mìíràn ti Àjàṣẹ́ gba Ìtákété dé Pọbẹ̀. Ẹ̀yin tó ń gbé lẹ́bàá rẹ̀ mọ ipa irin náà dáadáa.

Ìjọba Faransé ní irú ojú irin bẹ́ẹ̀ mẹ́rin ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti Dakar, ọ̀kan láti Conakry, ọ̀kan láti Abidjan, èyí tiwa sì bẹ̀rẹ̀ láti Kútọnu. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ń ṣàkóso gbogbo wọn. Ní 1946, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lé ní 17,000.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe pín wọn. Àwọn Òyìnbó kò tó 500. Àwọn ni wọ́n wà lókè. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n fún ní ipò tó dájú kò tó 2,000. Àwọn yòókù, tó lé ní 15,000, ni wọ́n ń pè ní olùrànlọ́wọ́.

Olùrànlọ́wọ́ kẹ̀? Ẹ fetí sí mi. Àwọn olùrànlọ́wọ́ yìí ló ń tún irin ṣe. Wọ́n ń da èédú sínú iná. Wọ́n ń ṣọ́ ibùdókọ̀. Nínú wọn ni a ti rí àwọn tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ dunjú. Ẹlòmíràn lè ṣe é fún ọdún mẹ́wàá, síbẹ̀ olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n ń pè é. Kò ní ẹ̀tọ́ sí ilé tí àwọn onípò ń gbé. Bí àìsàn bá dá a dúró, kò ní ẹ̀tọ́ bíi tiwọn. Ọ̀gá sì lè lé e lọ nígbàkígbà.

Ẹ rí i pé àkàbà méjì ló wà nílé iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó wà lórí àkàbà kékeré lè gùn ún títí dé òkè rẹ̀. Kò ní dé ibi tí ẹsẹ̀ àkàbà ńlá ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí wọ́n béèrè

Ìlú Thiès ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl ni ilé iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ ojú irin tó tóbi wà. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti lágbára jù. Olórí ẹgbẹ́ náà tẹ́lẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ka ọ̀rọ̀ àwọn olùrànlọ́wọ́ sí. Ọ̀rọ̀ àwọn onípò ló ń bá kiri. Ní 1946, àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ ní àwọn kò fẹ́ ẹ mọ́. Wọ́n fi Ibrahima Sarr ṣe olórí.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan nípa Sarr. Akọ̀wé ni. Ó ti lọ sí ilé ìwé, ó sì wà lára àwọn onípò. Bó bá fẹ́, ì bá jókòó jẹ́ẹ́ sí àyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn tí kò ní ipò ló gbé lérí. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ojú irin yòókù, títí kan ti Dahomey, fi ọ̀rọ̀ wọn lé àwọn ará Thiès lọ́wọ́ láti bá ilé iṣẹ́ sọ ọ́.

Kí ni wọ́n béèrè? Àkàbà kan ṣoṣo. Wọ́n ní kí Òyìnbó àti ọmọ Áfíríkà, onípò àti olùrànlọ́wọ́, jọ wà nínú ètò kan náà, kí iṣẹ́ tí ènìyàn mọ̀ jẹ́ ohun tí yóò fi gòkè. Ẹnì kan lè ní ìka kò dọ́gba. Òótọ́ ni. Wọn kò sọ pé kí ẹni tó ń gbálẹ̀ gba owó ẹni tó ń wa ọkọ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, bí ìka kò tilẹ̀ dọ́gba, ọwọ́ kan náà ni gbogbo wọn ti hù jáde.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1947, nígbà tí Vincent Auriol, olórí ilẹ̀ Faransé, wá sí Dakar, àwọn òṣìṣẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìjọba gbà lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ wọn tọ́. Wọ́n yan ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ jókòó, ìgbìmọ̀ dìde. Wọ́n ń fòní dónìí, wọ́n ń fọ̀la dọ́la. Oṣù mẹ́fà fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá, àkàbà méjì ṣì wà níbi tó wà.

Oṣù márùn-ún

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 1947, àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dá iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ rò ó wò. Láti Dakar dé Kútọnu jìnnà gan-an. Èdè àwọn òṣìṣẹ́ yìí kò jọ ara wọn. Síbẹ̀ wọ́n gbọ́ra wọn yé.

Ìjọba ní òfin kò gbà á. Wọ́n gbé Sarr lọ sí ilé ẹjọ́. Ilé iṣẹ́ wá àwọn mìíràn tí yóò máa wa ọkọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ojú irin kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń kọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ọkọ̀ tó rìn kò tó nǹkan. Àwọn ọ̀gá rò pé ebi yóò lé àwọn òṣìṣẹ́ padà kí oṣù tó parí.

Ebi dé lóòótọ́. Ta ló wá gbé wọn ró? Àwọn ará ilé wọn ni. Àwọn ìyá tó ń tajà ló ń fi èrè ọjà bọ́ ilé. Àwọn tó ní ìbátan lábúlé ń rí ọkà gbà láti oko. Àwọn oníṣòwò kan ń tà fún wọn láwìn. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mìíràn, títí kan ti ilẹ̀ Faransé, fi owó ránṣẹ́. Ẹ rí i pé ọ̀wẹ̀ ni èyí jẹ́, bí a kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ ka òṣìṣẹ́ sí ẹnì kan ṣoṣo tó ń gba owó iṣẹ́. Kò mọ̀ pé ó ní ìyá, ó ní ìyàwó, ó ní ará oko lẹ́yìn rẹ̀.

Kò rọrùn. Ní oṣù kìíní ọdún 1948, àwọn ti Abidjan padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọgbẹ́. Ìjọba retí pé àwọn yòókù yóò tẹ̀ lé wọn. Wọn kò tẹ̀ lé wọn. Ti Dakar dúró, ti Conakry dúró, tiwa ní Dahomey náà dúró.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 1948, lẹ́yìn oṣù márùn-ún àti ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n fẹnu kò. Ètò kan ṣoṣo yóò wà fún gbogbo òṣìṣẹ́. Àwọn olùrànlọ́wọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú rẹ̀. Wọn kò ní fìyà jẹ ẹnikẹ́ni nítorí pé ó dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ní Thiès, wọ́n yọ̀, wọ́n jó.

Ẹ má ṣe rò pé wọ́n gba gbogbo ohun tí wọ́n béèrè. Ilé iṣẹ́ kò san owó oṣù márùn-ún tí wọn kò fi ṣiṣẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn olùrànlọ́wọ́ ń wọ ipò, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ dín iye òṣìṣẹ́ kù. Sarr fúnra rẹ̀ rí ìpọ́njú mìíràn lẹ́yìn òmìnira. Ó di mínísítà ní Sẹ̀nẹ̀gàl, ṣùgbọ́n ní oṣù kejìlá ọdún 1962, nígbà tí ìjà dé láàárín àwọn olórí ilẹ̀ náà, wọ́n mú un pẹ̀lú Mamadou Dia. Ọdún 1974 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀.

Síbẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe kò ṣègbé. Ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 1952, òfin iṣẹ́ tuntun jáde fún àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Áfíríkà. Òfin náà fi wákàtí 40 sí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Ó fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi tí a ń sanwó fún. Ó jẹ́ kó ní ẹ̀tọ́ láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí òmìnira dé ní 1960, àwọn ìjọba tuntun bá òfin yìí nílẹ̀.

Ohun tí a rí kọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìtàn yìí kì í ṣe láti kọ́ yín ní ìjà. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi wo ibi iṣẹ́ tiyín.

Àkọ́kọ́, ẹ̀rù lè mú ènìyàn wá sí ibi iṣẹ́, kò lè mú un dúró níbẹ̀. Kòmándà fi ẹ̀rù kó àwọn baba wa jọ. Kó tó yí ojú padà, wọ́n ti sọdá. Ọ̀gá tí ọmọ iṣẹ́ ń sá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún, kó má kàn bú àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Kó wo ohun tó ń lé wọn.

Èkejì, ẹni tó wà nísàlẹ̀ fẹ́ rí ọ̀nà òkè. Bí ọmọ iṣẹ́ bá mọ ọjọ́ tí yóò gba òmìnira àti ohun tí yóò ti mọ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, yóò fara da iṣẹ́ líle. Bí ọ̀gá bá ń sún ọjọ́ náà síwájú, ó ti gbé àkàbà kúrò lẹ́sẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ̀kẹta, olórí tòótọ́ ń ru ẹrù ẹni tó kéré jù. Olórí tó ń wá ti ara rẹ̀ nìkan, àwọn ará Thiès fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ òwú tàbí ẹgbẹ́ epo tiyín, ta ló ń sọ̀rọ̀ fún opó tí kò mú ju àpò kan wá?

Ẹ̀kẹrin, àdéhùn tó dára kó wà nínú ìwé. Ìlérí ẹnu ni àwọn òṣìṣẹ́ gbà ní oṣù kẹrin ọdún 1947. Ó ná wọn ní oṣù márùn-ún ebi kí ó tó di ohun tí a kọ sílẹ̀. Ẹ̀yin ti mọ̀wé báyìí. Kẹ́ ẹ tó tẹ ọwọ́ tàbí kọ orúkọ sábẹ́ ìwé kan, ẹ kà á. Bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá le, ẹ jókòó tì í ní méjì ní mẹ́ta. Bẹ́ ẹ bá sì jẹ́ ọ̀gá, ẹ kọ àdéhùn tí ẹ bá ọmọ iṣẹ́ ṣe sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fún un ní ẹ̀dà kan. Kò ní dín iyì yín kù.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ìkàwé

Ẹ jọ ka ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ sì jíròrò lórí ìbéèrè wọ̀nyí.

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ọ̀wẹ̀ àti iṣẹ́ àfipáṣe? Nínú méjèèjì, a kì í san owó. Kí ló dé tí àwọn ènìyàn fi ń lọ sí ọ̀kan, tí wọ́n sì ń sá fún èkejì?

2. Ní abúlé yín, ta ló rántí ìgbà iṣẹ́ àfipáṣe, tàbí tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí rẹ̀? Ẹ pè é wá, kó sọ ọ́. Kí ẹnì kan nínú yín kọ ọ́ sílẹ̀.

3. Bí àwọn ti Abidjan ṣe padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kìíní, ṣé ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n, àbí ebi ló borí wọn? Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe?

4. Ẹni tó ní ọmọ iṣẹ́ nínú yín, ṣé ọmọ iṣẹ́ náà mọ ọjọ́ òmìnira rẹ̀? Ṣé ìwé kan wà tó sọ ọ́?